Ẹsẹ̀ Méjì Lábẹ́ Kòrólà

"Ó ti jẹ́wọ́, mà," ni Kọ́pùrà Dámisọ́lá wí, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ní òun fi ẹsẹ̀ sí i."

Ìńsípẹ́kítọ̀ Sàrátù kò gbójú sókè. Ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, èyí tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ ló jù ú sí i lọ́wọ́ láàárọ̀ pé kó kàn fojú kàn án kí wọ́n tó gbé afurasí náà lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti máa fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ó ti rẹ Sàrátù. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó jí.

"Ó fi ẹsẹ̀ sí kí ni?"

"Sí ọkọ̀ náà, mà. Ó ta á nípàá, ọkọ̀ sì wó lu ọkùnrin yẹn. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó nìyẹn."

Ọkùnrin yẹn ni Ọ̀mọ̀wé Asher Adébánjọ, olùkọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Ìbídò níhìn-ín ní Ṣàgámù. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n bá a lábẹ́ Kòrólà rẹ̀, ọkọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ láyà, ẹ̀mí ti bọ́. Hussain, mẹkáníìkì àdúgbò, ló bá a gbé imú ọkọ̀ náà sókè nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ nítorí epo tó ń jò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn aládùúgbò gbọ́ tí Ọ̀mọ̀wé ń pariwo mọ́ ọn pé, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Nígbà tí ikú sì dé lóòótọ́, kò sí ẹni tó tún wá ibòmíràn wò.

"Lọ mú un wá," ni Sàrátù wí.

Hussain wọlé, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọmọkùnrin tó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo tí ọṣẹ kan kò lè fọ̀ kúrò mọ́. Sàrátù ní kó jókòó.

"O ní o fi ẹsẹ̀ sí ọkọ̀ náà. Ẹsẹ̀ ta ni?"

Hussain wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ìyá rẹ̀. "Ẹsẹ̀ irin Ọ̀mọ̀wé ni, mà. Ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn fúnra wọn ló kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé."

Dámisọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ife tíì rẹ̀. Ta ni kò mọ ẹsẹ̀ irin, ohun tí àwọn mẹkáníìkì máa ń tì sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè? Jáàkì fún gbígbé, ẹsẹ̀ fún dídúró. Ẹni tó ń kọ̀wé lóyìnbó nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Sàrátù kò bá kọ́pùrà rẹ̀ wí. Okun ìbániwí kò sí lára rẹ̀. Ó bi Hussain léèrè ariwo ọjọ́ Jímọ̀.

"Òótọ́ ni, mà. Oòrùn ti ń wọ̀. Mo fẹ́ sáré kí ìrun Mọ̀gàríbì má bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn náà fẹ́ palẹ̀ mọ́ kí Ìsinmi wọn tó wọlé. Mo ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì di ọjọ́ kejì. Ìbínú wọn dé. Wọ́n ní, 'Hussain, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Jáàkì kì í ṣe ohun tí ọmọ ènìyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀.' Wọ́n ní kí n fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kí n fi ẹsẹ̀ sí i. Mo fi ẹsẹ̀ sí i. Wọ́n fi ọwọ́ mi ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn, kò mì. Wọ́n fi tapólì bò ó. A sì jọ jáde."

Adébánjọ àti gbogbo ilé rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Adifẹ́ńtì, àwọn tó ń pa Sátidé mọ́ bí Ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà tí oòrùn Jímọ̀ bá ti wọ̀ títí ti Sátidé náà á fi wọ̀. Sàrátù, ọmọ oníṣòwò obì tó ti ń gbọ́ ìpè ìrun láti kékeré, rò ó nínú ara rẹ̀ pé oòrùn kan ṣoṣo ló ń lé Mùsùlùmí àti Adifẹ́ńtì sáré lábẹ́ Kòrólà kan náà.

"Irọ́ ló ń pa, mà," ni Dámisọ́lá sọ lẹ́yìn tí wọ́n ti mú Hussain padà. "Yàrá ẹrù la ti bá ẹsẹ̀ irin náà ní Sọ́ńdè. Tó bá jẹ́ pé ó fi sábẹ́ ọkọ̀ ní Jímọ̀, ta ló yọ ọ́? Gbogbo ilé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, kò sì sí ọmọ ìjọ wọn kankan tó máa fọwọ́ kan sípánà lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun nìkan tí kì í ṣe ara wọn ló lè padà wá yọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, ìyẹn gan-an ló sì ń da Sàrátù láàmú. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá mọ́gbọ́n wá jù, ó ní ẹni tí ó ń ṣe láǹfààní.

Ìyá Hussain, Àlàájà Kareemat, wà lórí bẹ́ńṣì níta pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì tó fi ewé bò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀ ni kò ti dé ìsọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó kàn fi ohùn Rẹ́mọ tó wúwo sọ fún Sàrátù pé Hussain kò mọ irọ́ pa. Tí òótọ́ bá le jù fún un, ṣe ló máa ń dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìńsípẹ́kítọ̀, tí wọ́n bá gbé e dé Abẹ́òkúta lọ́la, ọwọ́ mi kò ní tó o mọ́."

Sàrátù fẹ́ sọ pé ọwọ́ òun náà kò ní tó o mọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

*

Ilẹ̀ ọgbà Ọ̀mọ̀wé mọ́ tónítóní. Ojú ọwọ̀ ṣì hàn lórí yanrìn, ó lọ yípo Kòrólà náà bí ìlà tí wọ́n fi òòyà fà. Àwọn obìnrin ìjọ ló ti gbálẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè kí àwọn abánikẹ́dùn tó dé, nítorí ilé ọ̀fọ̀ kì í dọ̀tí. Sàrátù dúró wò ó. Ní gbogbo ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ yìí, ẹjọ́ tí ìgbálẹ̀ pa pọ̀ ju èyí tí agbẹjọ́rò pa lọ.

Ó fi ọwọ́ di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú, ó sì rọra fi orúnkún búburú yẹn kúnlẹ̀. Táyà ìpààrọ̀ ni àwọn aládùúgbò tì sábẹ́ ọkọ̀ náà báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti para pọ̀ gbé e kúrò lára òkú. Jáàkì ọkọ̀ náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ibi tí ẹ bá a nìyẹn?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gan-an la ti bá a, mà. Ó ti yẹ̀ kúrò."

"Gbé e wá kí n rí i."

Jáàkì onírin kíká ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ó ti di kíká, ó pẹlẹbẹ bí ìwé.

"Dámisọ́lá, jáàkì tó bá yẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, báwo ló ṣe máa ń rí?"

Kọ́pùrà ronú. "Á ṣì wà ní nínà, mà. Tàbí kó tẹ̀."

"Èyí kò tẹ̀. Ẹnì kan ló fara balẹ̀ yí i wálẹ̀. Àwọn tó ń fa ọkùnrin kan jáde lábẹ́ irin, èwo nínú wọn ló ráyè jókòó ká jáàkì?"

Sàrátù fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀ lórí yanrìn, ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó wo ikùn ọkọ̀ náà. Ìgbálẹ̀ kì í dé ikùn ọkọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú lápá òsì, níbi tó yẹ kí ẹnu ẹsẹ̀ irin ti gbé e, ohun kan ti kun irin dúdú náà ní eérú. Ó fi ìka nù ún. Ó fi ìka méjì ra á. Sìmẹ́ńtì ni. Apá ọ̀tún náà rí bẹ́ẹ̀.

Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ odi, níbi tí àwọn búlọ́ọ̀kù tí Ọ̀mọ̀wé fẹ́ fi kọ́ ilé adìyẹ wà ní òkìtì. Àwọn tó fọ́ wà láàárín wọn, àwọn tó gbálẹ̀ ló kó wọn síbẹ̀. Ta ni yóò wo àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀mejì nínú ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́lé?

"Ọkọ̀ yìí kò sí lórí jáàkì," ni Sàrátù wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Kò sì sí lórí ẹsẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù ló wà. Fà mí dìde."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ irin méjèèjì jáde láti yàrá ẹrù. Àwọ̀ ewé ni lóòótọ́, bí Hussain ṣe wí, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti bó lẹ́nu méjèèjì. Sàrátù ní kí Dámisọ́lá gbìyànjú láti ti ọ̀kan sábẹ́ Kòrólà níbi tí imú rẹ̀ ti ga jù. Kò wọlé. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ti fa ọrùn rẹ̀ sókè dé eyín tó kẹ́yìn, Kòrólà sì jẹ́ ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀. Láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ irin náà, amọ̀ pupa ti gbẹ síbẹ̀. Yanrìn funfun ló wà nínú ọgbà yìí.

"Ọkọ̀ gíga," ni Dámisọ́lá sọ. Ojú rẹ̀ tún tàn. "Hussain máa ń tún tírélà ṣe, mà."

Wọ́n kọjá sí ìsọ̀ Hussain. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú kirimú fún epo, kò sí amọ̀ pupa kankan, àwọn igi ńlá onígun mẹ́rin tó ti jìn fún ìwúwo ló sì ń tì sábẹ́ tírélà rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin kékeré Ọ̀mọ̀wé yóò tẹ̀ lábẹ́ tírélà bí ìdí ẹ̀fọ́. Kọ́pùrà wo ilẹ̀ títí, ó sì mí kanlẹ̀. Wọ́n padà sí ilé Ọ̀mọ̀wé, sọ́dọ̀ opó rẹ̀.

*

Ellen, ìyàwó olóògbé, fi ìjókòó hàn wọ́n, ó sì bu omi fún wọn. Obìnrin gíga tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni. Ó sọ pé òun kò kórìíra Hussain, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ó sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ. Gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀. Ọkọ òun ní ìrìn àjò láàárọ̀ Sọ́ńdè, ara rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ọkọ̀. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, tí wọ́n ń kọ orin ìparí Ìsinmi, ó dìde jáde.

"Kò dúró gbọ́ àmín," ó wí. "Mo bínú sí i. Mo rò pé màá bá a jà tí mo bá délé."

Sàrátù jẹ́ kó nu omijé rẹ̀ tán. Ó wá bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìjọ lè ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Màlúù tó bá ṣubú sí kòtò, Olúwa ní kí á fà á jáde. Ẹ̀gbọ́n mi Ọládiméjì ló máa ń fi kọ́ wa. Alàgbà ìjọ ni. Lọ́dún tó kọjá, ó yọ ọmọkùnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé ó tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Sátidé." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. "Òun ló ń darí orin lọ́jọ́ náà. Bóyá ẹ̀mí rẹ̀ ti sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣi orin kọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ kejì ló mú wa kọ lẹ́ẹ̀mejì."

Sàrátù gbé ife omi sílẹ̀.

"Ìgbà wo ló tún ẹsẹ náà kọ? Kí ọkọ yín tó jáde ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Bó ṣe ń jáde gan-an ni."

"Níbo ni ẹ̀gbọ́n yín ń gbé?"

"Ìrólù. Ó ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé orí jáàkì ni Hussain fi ọkọ̀ sílẹ̀ sí."

Sàrátù kò bi í bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní píkọ́ọ̀pù. Àgbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo ni kò ní?

*

Amọ̀ ojú ọ̀nà oko náà pupa bí epo. Alàgbà Ọládiméjì jókòó sábẹ́ àtíbàbà ní ẹ̀wù funfun, ó kí wọn dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà wọn. Ẹni tí kò tí ì sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta kan ni. Sàrátù mọ irú ojú bẹ́ẹ̀ nítorí ó máa ń rí i nínú dígí.

Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó kọjá lára rẹ̀ lọ síbi tí píkọ́ọ̀pù wà, ó na tọ́ọ̀ṣì sí Dámisọ́lá, nítorí orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ pátápátá. Kọ́pùrà wọ abẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ọ̀dà àwọ̀ ewé, mà," ni ohùn rẹ̀ wí nísàlẹ̀. "Lára irin ìdí ọkọ̀. Òsì àti ọ̀tún."

Sàrátù wá fa àpótí kan, ó jókòó níwájú Alàgbà.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, bàbá. Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti rẹ ẹ̀yin náà."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò dúró mọ́. Bẹ́rìn táyà píkọ́ọ̀pù ti fọ́ ní Jímọ̀, ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ń pọ́n, ọjà Sọ́ńdè ló sì yẹ kó dé. Ó ṣe bí ẹni tí orí ń fọ́, ó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ sí ilé àbúrò rẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó fi jáàkì gbé Kòrólà, ó yọ ẹsẹ̀ irin méjèèjì, ó fi búlọ́ọ̀kù dípò, ó ká jáàkì, ó da tapólì bò ó padà, ó sì kó ẹsẹ̀ irin náà lọ sí oko. Ó ní kí òun dá wọn padà kí oòrùn tó wọ̀. Bẹ́rìn kò tètè jáde. Nígbà tó ṣe tán, ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìsìn ìparí, òun ló sì máa darí rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé òkú lọ sí ilé ìwòsàn, ló dá ẹsẹ̀ irin padà sí yàrá ẹrù.

"Búlọ́ọ̀kù ń gbé ilé dúró," ó wí. "Mo rò pé á gbé ọkọ̀."

"Ilé kì í fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ dúró lójú kan," ni Sàrátù wí. "Inú búlọ́ọ̀kù ṣófo. Ẹnu irin tó mú ló gbé lé e. Kí ọkùnrin náà kàn fi sípánà yí nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ti tó."

Ọkọ àbúrò Alàgbà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mi ọkọ̀ yẹn ní Jímọ̀. Ó mọ ohun tó fi síbẹ̀. Kí ló máa tún ká tapólì wò sí? Iwájú ló gbà wọlé, ó na tọ́ọ̀ṣì sókè síbi tí epo ti ń jò.

"Ìjọ yín gbà kí á fa màlúù jáde nínú kòtò," ni Sàrátù wí.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe màlúù."

"Mi ò sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ kejì tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì ni mò ń sọ."

Adìyẹ kan kọjá láàárín wọn. Dámisọ́lá jáde lábẹ́ píkọ́ọ̀pù, ó dúró pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, kò gbọn ọ́n.

"Mo rí i tó dìde," ni Alàgbà wí. "Mo mọ ibi tó ń lọ. Tí mo bá dá orin dúró, gbogbo ìjọ á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ọmọ tí mo yọ nínú akọrin wà níbẹ̀, ó jókòó lẹ́yìn. Mo ní kí n parí orin náà ná, kí n wá sáré lọ bá a. Orin náà kò tán. Mi ò rántí ẹsẹ kẹta mọ́."

"Hussain náà ńkọ́? Láti Sọ́ńdè ló ti wà látìmọ́lé."

Alàgbà dìde fúnra rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù funfun náà, ó ká a sórí àga, ó sì bá wọn lọ sínú ọkọ̀.

*

Ọ̀gá àgọ́ kùn díẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé ìtúsílẹ̀ Hussain. Àlàájà Kareemat di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú bí ẹni ń mú ọmọdé sọdá títì. Hussain ló yíjú padà, ó bẹ Sàrátù pé kó já òun sí Ìbídò kí òun tó délé. Láti ọjọ́ tí Ọ̀mọ̀wé ti kú, wọn kò jẹ́ kí òun lè kí ìyàwó rẹ̀ kú ìdárò.

Sàrátù ní láti lọ síbẹ̀ bákan náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún Ellen, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ó ń tú u ká. Bí wọ́n ṣe wọ ọgbà, Ellen ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Hussain tó ń rìn lómìnira, ó wo Sàrátù, ó sì wo ọ̀nà Ìrólù bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ṣì yọ níbẹ̀.

"Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ni mo ti ń kọ orin náà nínú mi," ó wí. "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi rí i nígbà tó ń jáde?"

Sàrátù ronú irọ́ kékeré kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti pa á.

"Ó rí i."

Ellen di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó wá wo mẹkáníìkì náà, ẹni tó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Kòrólà, tó sì tẹrí ba.

"Hussain. Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn."

"Mo fi ẹsẹ̀ sí i, mà," ni Hussain wí.

"Mo mọ̀," ni Ellen dá a lóhùn. Ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó lè wọlé wá jókòó.